Wọn Ò Parun: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Mi ní Rapa Nui

Sátidé

Ọ̀sán ni bàlúù wa balẹ̀ ní Mataveri, pápákọ̀ òfurufú Rapa Nui, erékùṣù kan láàárín Òkun Pàsífíìkì. Láti Santiago ní Chile débẹ̀, ó lé ní wákàtí márùn-ún, omi ṣá ni, ibi tó sún mọ́ ọn jù tí èèyàn ń gbé ni Pitcairn, ìyẹn náà sì tó nǹkan bíi 2,000 kìlómítà síbẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún alára kéré, kò ju 164 square kìlómítà lọ, òkè ayọnáyèéfín mẹ́ta ló para pọ̀ di erékùṣù náà, Poike, Rano Kau àti Terevaka, gbogbo wọn ti dákẹ́ tipẹ́. Àmọ́ ibi tí bàlúù ń sá lé gùn gan-an, àwọn NASA ló fà á gùn láwọn ọdún 1980, pé tí ọkọ̀ wọn tó ń lọ sójú sánmà bá níṣòro kó lè ríbi balẹ̀ sí.

Màmá tó ni ilé tá a fẹ́ dé sí ti ń dúró dè wá, ó fi òdòdó tútù kọ́ wa lọ́rùn, ó ní "Iorana", bí wọ́n ṣe ń kíni nìyẹn. Hanga Roa ni ìlú kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, ẹṣin ń jẹ̀ kiri ẹ̀gbẹ́ títì láìsí ẹni tó ń dà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ti kà nípa Rapa Nui, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Easter Island, ìtàn kan náà ni wọ́n á sọ fún yín, pé àwọn ará ibẹ̀ gé igi wọn tán nítorí ère, ebi dé, wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn, wọ́n ń jẹ ara wọn, wọ́n parun. Ìtàn yẹn ò bá mi lára mu rí, torí àwọn tí wọ́n ní wọ́n parun yìí wà láàyè, wọ́n ń sọ èdè wọn, wọ́n mọ ìdílé tí wọ́n ti wá, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo wá gbọ́ tẹnu wọn ni.

Sọ́ńdè

Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà láàárín ìlú la kọ́kọ́ lọ, màmá ló ní ká tẹ̀ lé òun. Èdè Rapanui ni wọ́n fi ń kọrin, ohùn ọkùnrin nísàlẹ̀, tobìnrin lókè, mi ò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àmọ́ ara mi bù máṣọ. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ibẹ̀ ló gbẹ́ àwọn ère inú ẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ẹyẹ mọ́ àwọn ẹni mímọ́ náà, ẹyẹ tí màá sọ̀rọ̀ ẹ̀ níwájú.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ a fẹsẹ̀ rìn lọ sí Tahai, kò jìnnà rárá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí moai, àwọn ère òkúta ńlá wọn. Orí pèpéle òkúta ni wọ́n ń gbé wọn dúró sí, ahu ni wọ́n ń pe pèpéle yẹn, wọ́n kẹ̀yìn sí òkun, ibi tí ilé àwọn èèyàn wà ni wọ́n dojú kọ, torí baba ńlá ìdílé ni wọ́n, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ ọmọ. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ojú sí padà, Ko Te Riku, fìlà pupa ńlá sì wà lórí ẹ̀, pukao nìyẹn, òkúta pupa láti Puna Pau. Ẹ ò lè wo ojú yẹn pẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé gbogbo moai tó ń dúró lórí ahu lónìí, ọ̀rúndún ogún ni wọ́n tún wọn gbé dìde. Nígbà tí Jacob Roggeveen ará Holland dé ní Sọ́ńdè Àjíǹde, 5 April 1722, wọ́n ń dúró, èèyàn ń bọ wọ́n. Ọkọ̀ òyìnbó tó rí àwọn tó ṣì ń dúró gbẹ̀yìn, 1838 ni, lẹ́yìn ẹ̀ gbogbo wọn ti dojú bolẹ̀. William Mulloy, awalẹ̀pìtàn ará Amẹ́ríkà, ló darí títún Tahai ṣe lọ́dún 1968, ó kú ní 1978, àdúgbò yẹn náà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ rántí ọjọ́ Roggeveen yẹn náà o. Àwọn èèyàn rẹ̀ yìnbọn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gúnlẹ̀, ó tó mẹ́wàá tó kú nínú àwọn tó jáde wá wò wọ́n. Bí òyìnbó ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Mọ́ńdè

Rano Raraku. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni tíkẹ́ẹ̀tì gbà yín wọ ibẹ̀, torí náà a tètè jí. Ẹ ò sì lè dá wọlé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú gáìdì ọmọ onílẹ̀, àwọn Ma'u Henua, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn Rapanui fúnra wọn, ló ń mójú tó gbogbo ibi ìṣẹ̀ǹbáyé yìí láti 2017. Gáìdì wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni pé àná ni gbogbo ẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ moai. Eérú òkè ayọnáyèéfín tó dì pọ̀ ló di òkúta yẹn, kò le púpọ̀, toki ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, àáké òkúta dúdú tó le ju òun lọ, kò sí irin rárá. Moai tó ṣì wà ní Rano Raraku nìkan tó 397, nínú nǹkan bí 900 tó wà ní gbogbo erékùṣù. Òmíràn parí, òmíràn kù díẹ̀, òmíràn jẹ́ imú àti ìpéǹpéjú lára òkè, bí ẹni tó ń sùn. Èyí tó tóbi jù, Te Tokanga, gùn tó mítà 21, kò kúrò lára òkúta títí dòní.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan tí wọn ò gbẹ́ parí. Ojú toki ṣì wà níbẹ̀ gbangba, ó tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ lè mọ ibi tí ọwọ́ ẹni yẹn ti yípo. Iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́, ojú, imú, ìka ọwọ́ gígùn tó pàdé lábẹ́ ìdodo, wọ́n á wá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé títí ẹ̀yìn á fi ku ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan péré tó so ó mọ́ òkè, wọ́n á gé ìyẹn, wọ́n á rọra fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kòtò tí wọ́n ti gbẹ́ dè é nísàlẹ̀, á dìde dúró níbẹ̀, nígbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè gbẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ihò ojú ńkọ́? Gáìdì wa ní ká wò wọ́n dáadáa, kò sí èyí tó ní ihò ojú níbẹ̀. Ìgbà tó bá dé orí ahu tiẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, ìgbà yẹn ni baba ńlá ọ̀hún á tó lajú.

Orí tí gbogbo ayé ń rí nínú fọ́tò, orí nìkan kọ́ o. Ara wọn wà nísàlẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tó ń ṣàn bọ̀ láti òkè ló bò wọ́n dé èjìká, awalẹ̀pìtàn Jo Anne Van Tilburg àtàwọn Rapanui tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti gbẹ́ ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ àwọn kan. Nígbà tí wọ́n yẹ iyẹ̀pẹ̀ yẹn wò, wọ́n bá àmì ànàmọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò níbẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá ju ibi tó kù lọ, ó wá túmọ̀ sí pé oko wà níbi iṣẹ́ yẹn gan-an. Èyí wọ̀ mí lára púpọ̀, torí àwọn èèyàn tí wọ́n ní wọ́n fi ère gbàgbé oúnjẹ yìí, ìdí ère gan-an ni wọ́n gbin oúnjẹ sí.

Ní October 2022 iná jó apá ibẹ̀, a rí àwọn moai tó dúdú. Gáìdì wa dákẹ́ nígbà tá a débẹ̀, a ò sì bi í.

Lọ́sàn-án a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Tongariki, moai 15 tò lẹ́sẹẹsẹ lórí ahu kan, èyí tó wúwo jù nínú wọn tó 86 tọ́ọ̀nù. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Chile ní May 1960, òkun ru wá, ó gbá gbogbo wọn jìnnà sí etí òkun, àwọn ti ìgbà àtijọ́ ti bì wọ́n lulẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi wá fọ́n wọn ká. Claudio Cristino àti Patricia Vargas pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ ibẹ̀ ló tún un ṣe láwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ Tadano ní Japan ló gbé kréènì wá. Mo jókòó sórí koríko níwájú wọn títí wọ́n fi ní àsìkò ti tó.

Túsìdè

Ọ̀nà etíkun gúúsù la gbà. Àwọn moai sùn káàkiri lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Rano Raraku wá, àwọn tó ṣubú kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ń lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé wọn? Àwọn àgbà Rapanui ti dáhùn ìbéèrè yìí látọjọ́ tí wọ́n ti ń bi wọ́n: wọ́n ní ńṣe ni moai rìn, mana, ìyẹn agbára ẹ̀mí, ló mú wọn rìn. Àwọn tó wá látìta kọ ọ́ sínú ìwé bí ìtàn ọmọdé, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdáhùn tiwọn, igi tí wọ́n fi ń yí i, èyí tó wọ́ ọ lórí pákó, àwọn kan tiẹ̀ ní àjèjì ojú sánmà ni.

Àwọn awalẹ̀pìtàn Carl Lipo àti Terry Hunt wá wo àwọn tó ṣubú sójú ọ̀nà yẹn, wọ́n rí i pé ìdí wọn fẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú, kò rí bíi tàwọn tó ti dé orí ahu. Wọ́n mọ ère kọnkéré kan tó ju 4 tọ́ọ̀nù lọ, èèyàn 18 dì í lókùn mẹ́ta, ẹgbẹ́ kan fà á sọ́tùn-ún, ẹgbẹ́ kejì fà á sósì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń dá a dúró kó má dojú dé, ó sì rìn, ó lọ tó 100 mítà láàárín 40 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ti rí àwọn alábàárù tí wọ́n ń fi etí yí dúrọ́ọ̀mù epo tó kún lọ sídìí ọkọ̀, á mọ bó ṣe ń lọ. Gbogbo awalẹ̀pìtàn kọ́ ló gbà, Van Tilburg ní tiẹ̀ rò pé orí pákó ni wọ́n tẹ́ ẹ sí tí wọ́n fi wọ́ ọ. Tèmi ni pé mo ti wo ìdí àwọn tó wà lójú ọ̀nà yẹn dáadáa, ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ni mo gbà.

Ọ̀rọ̀ igi ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pẹ pọ̀ lórí erékùṣù yìí nígbà kan, ó sì tán. Wọ́n gé e, wọ́n jó o láti fi dáko, eku tó bá ọkọ̀ wọn wá láti àwọn erékùṣù Polinéṣíà sì ń jẹ èso ẹ̀ kó tó hù. Gbogbo ìyẹn wà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀: wọ́n fọ́ òkúta sórí ilẹ̀ oko kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ, kí ilẹ̀ má sì yára gbẹ, wọ́n fi òkúta mọ odi róbótó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ká, manavai ni wọ́n ń pè é, a rí i, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì wà nínú òmíràn. Iṣu, ànàmọ́, kókò, ìrèké, adìyẹ, ohun tí wọ́n ń jẹ nìyẹn, mo sì ń kà á mo ń rẹ́rìn-ín torí kò sí èyí tí màmá mi nílé ò mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ mọ ilé olókùúta fún adìyẹ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2024 fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn oko olókùúta wọ̀nyí, ó ní èèyàn bíi 3,000 ni wọ́n lè bọ́. Iye èèyàn tí Roggeveen náà rò pé ó bá níbẹ̀ ò jìnnà sí i. Ìgbà wo wá ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí wọ́n ní ebi pa kú yẹn gbé ibẹ̀?

A parí ọjọ́ náà sí Anakena, yanrìn funfun, ibẹ̀ ni ìtàn wọn sọ pé Hotu Matu'a, ọba àkọ́kọ́, gúnlẹ̀ sí láti Hiva. Moai kan wà lápá kan, ọkùnrin Rapanui méjìlá ló gbé e dìde ní 1956 nígbà tí Thor Heyerdahl, olùṣèwádìí ará Norway, wà níbẹ̀, igi àti òkúta nìkan ni wọ́n lò, ó gbà wọ́n ní ọjọ́ 18.

Wẹ́sìdè

Òjò rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. A ò jáde. Màmá din àkàrà oníyẹ̀fun tó ní ẹja tuna nínú, empanada, a jókòó sí kíṣìnì, ó ń sọ̀rọ̀, gáìdì wa tó wá ṣeré ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa.

Màmá ní tí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn run, kí wọ́n lọ wo ọdún 1862. Ní December ọdún yẹn àwọn akónilẹ́rú láti Peru dé, àárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti kó èèyàn tó bíi 1,400 sí 1,500 lọ, ọba bá wọn lọ, àwọn tó mọ rongorongo, ìkọ̀wé ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń fín sára pákó, kà bá wọn lọ. Ọ̀pọ̀ kú lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dá wọn padà, àwọn tí wọ́n kó sọ́kọ̀ kú sórí omi, àwọn bíi 15 ló délé láàyè, àrùn olóde, èyí táwọn àgbà wa kì í dárúkọ ẹ̀ gan-an, sì wà lára wọn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tún tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di 1877, èèyàn 111 ló kù lórí gbogbo erékùṣù, nínú wọn, 36 péré ló ní ìran tó wà títí dòní. Gbogbo ẹni tó bá pe ara ẹ̀ ní Rapanui lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn 36 yẹn ló ti ṣẹ̀ wá. Màmá ka orúkọ ìdílé wọn fún wa ní kíṣìnì yẹn, ó ń ka ìka ẹ̀ bó ṣe ń pè é. Mi ò lè jẹun mọ́.

Chile gba ilẹ̀ náà ní 9 September 1888. Láti 1903 dé 1953, ilé iṣẹ́ àwọn Williamson-Balfour sọ gbogbo erékùṣù di oko àgùntàn, àgùntàn tó 70,000 nígbà tó pọ̀ jù, wọ́n wá fi odi há àwọn onílẹ̀ mọ́ Hanga Roa, ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ sí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ á kọ́kọ́ gbàṣẹ. Bàbá màmá dàgbà nínú odi yẹn. Àwọn òkúta manavai àti tàwọn ilé àtijọ́, wọ́n tú ọ̀pọ̀ ẹ̀ láti fi mọ odi àgùntàn.

Ẹni tó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni Angata. Ìyá àgbà ni, olùkọ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní 1914 ó lá àlá pé Ọlọ́run ní ilẹ̀ àti ẹran tó wà lórí ẹ̀ jẹ́ tàwọn ọmọ onílẹ̀, ó sọ fáwọn èèyàn, wọ́n dìde, wọ́n lọ pa màlúù àti àgùntàn, wọ́n pín in jẹ. Katherine Routledge, awalẹ̀pìtàn ará Gẹ̀ẹ́sì, wà níbẹ̀ lásìkò yẹn, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ wọ́n rì, Angata kú láìpẹ́ sígbà yẹn. Ní 1964 olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Alfonso Rapu, ọmọ ọdún 22, tún dìde, ìgbà tó di 1966 ni wọ́n tó sọ àwọn Rapanui di ọmọ orílẹ̀-èdè tó lè dìbò. 1966! Nàìjíríà ti gba òmìnira nígbà yẹn.

Tọ́sìdè

Orongo, lórí etí Rano Kau. Apá kan adágún omi inú kòtò òkè, koríko hù bò ó, apá kejì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó tó 300 mítà já sínú òkun, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ débi pé èèyàn ò lè dúró ṣánṣán.

Lẹ́yìn àsìkò moai, ibí yìí ni wọ́n ti ń yan tangata manu, ọkùnrin ẹyẹ. Lọ́dọọdún àwọn olóyè á yan ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa bá wọn díje, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ lórí koríko tí wọ́n dì pọ̀ lọ sí erékùṣù kékeré Motu Nui, wọ́n á máa dúró níbẹ̀ de ẹyẹ manutara tó ń bọ̀ wá yé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹyin á dì í mọ́ iwájú orí, á lúwẹ̀ẹ́ padà, á tún gun òkè láìfọ́ ẹ. Olóyè tó rán an níṣẹ́ ló máa di tangata manu fún ọdún kan. Àwọn míṣọ́nnárì dé láwọn ọdún 1860, ó sì parí.

Gáìdì wa fi ilé kan hàn wá, ibẹ̀ ni Hoa Hakananai'a wà tẹ́lẹ̀, moai tí wọ́n gbẹ́ ọkùnrin ẹyẹ sí lẹ́yìn. Ní November 1868 àwọn atukọ̀ HMS Topaze, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, hú u, wọ́n gbé e lọ, Queen Victoria sì fi ta British Museum lọ́rẹ. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo ti lọ wò ó láìmọye ìgbà, inú ilé kan náà ni orí Ifẹ̀ kan tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 wà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó bi mí bóyá àwa náà ń bèèrè tiwa. Mo ní à ń bèèrè. Ní 2018 àwọn aṣojú Rapanui lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá a padà, ẹkún ni gómìnà wọn ìgbà yẹn, Tarita Alarcón Rapu, ń sun nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọkàn àwọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Mo dúró nínú ibi tí ó ti ṣófo yẹn, ó sì yé mi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ẹnu ọ̀nà ilé náà kò ga tó orúnkún, wọ́n ní láti tú ilé kí wọ́n tó lè gbé e jáde.

Fúráìdè

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Sebastián Englert. Ojú moai tó jẹ́ ojúlówó wà níbẹ̀, iyùn funfun láti inú òkun, Sonia Haoa, ọmọ ibẹ̀, ló rí i ní Anakena ní 1978. Ṣáájú ìyẹn kò sẹ́ni tó mọ̀ pé moai ní ojú, wọ́n rò pé ihò lásán ni. Pákó rongorongo tó kù láyé ò ju bí méjìlélógún sí ọgbọ̀n lọ, ẹyọ kan kò sí lórí erékùṣù, kò sì sẹ́ni tó lè kà á.

Gáìdì wa wá bá wa níbẹ̀ láti dágbére, òun ló sọ ti ìwádìí DNA 2024. Egungun èèyàn 15 tí wọ́n kó lọ sí Paris láyé àtijọ́ ni wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí: kò sí àmì pé iye èèyàn já wálẹ̀ gidigidi láàárín ọdún 1600 sí 1700 bí wọ́n ṣe máa ń sọ, ńṣe ni wọ́n ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí dé ìgbà àwọn akónilẹ́rú. Wọ́n tún rí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lára wọn, tó wọlé ní nǹkan bí 1250 sí 1430, ṣáájú kí wọ́n tó bí Columbus, àwọn Polinéṣíà ti tukọ̀ débẹ̀ tàbí àwọn yẹn wá sọ́dọ̀ wọn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ànàmọ́ ṣe dé Polinéṣíà. Gáìdì wa ní ìyẹn dára, àmọ́ ohun tó jẹ àwọn lógún jù ni kí egungun yẹn padà wálé kí wọ́n lè sin wọ́n, ìdí nìyẹn táwọn kan fi fọwọ́ sí ìwádìí náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ: ẹ kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wọ bàlúù, ẹ ò lè lò ju 30 ọjọ́ lọ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Ma'u Henua ni kẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ dé sí ilé àwọn Rapanui, ẹ gba gáìdì tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ẹ má ṣe gun ahu kankan nítorí fọ́tò, àwọn òkú ni wọ́n sin sábẹ́ ẹ̀.